Salmon patty inú páànù irin: bí mo ṣe wá ojútùú sí títú ká rẹ̀

Ìṣòro tí mo fẹ́ yanjú nìyí. Salmon patty ni oúnjẹ tí mò ń sọ: ẹja salmon inú agolo, ẹyin, àlùbọ́sà, bísíkítì oníyọ̀ tí wọ́n rún, ẹ pò ó pọ̀, ẹ mọ ọ́n ní pẹlẹbẹ, ẹ dín in nínú òróró díẹ̀, ó parí. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n ní àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà níbí, àwọn kan ń pè é ní salmon croquette, wọ́n máa ń jẹ ẹ́ láàárọ̀ pẹ̀lú grits, ìyẹn àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n sè, tàbí ìrẹsì. Ṣùgbọ́n tèmi, tí mo bá ti ki síbí bọ abẹ́ rẹ̀ láti yí i padà, ó ti fọ́ nìyẹn, ohun tó yẹ kó jẹ́ patty mẹ́jọ á wá di ẹja àti ẹyin tí wọ́n dà rú lórí iná. Èyí tí kò bá fọ́, ara rẹ̀ á funfun, inú rẹ̀ á rí pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, òróró á sì ti wọ inú rẹ̀ ṣinṣin.

Mo bi àwọn èèyàn léèrè, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: fi ẹyin kún un, da fúláwà sí i. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ò tán níbẹ̀. Omi ni ìṣòro yìí. Ẹyin àti fúláwà kàn ń bo omi yẹn mọ́lẹ̀ ni, wọn ò lé e jáde, nígbà tí mo sì wá lé e jáde tán mi ò nílò ju ẹyin kan ṣoṣo lọ. Bí mo ṣe dé ibẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀ yìí, pẹ̀lú òṣùwọ̀n, kí ẹlòmíì má baà fi agolo ẹja ṣòfò.

Ohun tí mo lò àti iye tó ná mi

Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mo ti ra gbogbo ẹ̀, tiyín lè yàtọ̀ díẹ̀. Agolo pink salmon kan, dọ́là 4 àti sẹ́ǹtì 50. Saltine, ìyẹn bísíkítì oníyọ̀ onígun mẹ́rin yẹn, páálí rẹ̀ jẹ́ bíi dọ́là 3 ṣùgbọ́n 20 péré ni mo mú nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní sẹ́ǹtì 40. Ẹyin kan, sẹ́ǹtì 35. Ààbọ̀ àlùbọ́sà kékeré, ata rodo kan, tàtàṣé díẹ̀, sẹ́ǹtì 60. Mọ́sítáàdì, lẹ́mọ́ọ̀nù àti bláàkì pẹ́pà, sẹ́ǹtì 30. Ìyẹ̀fun àgbàdo tí mo fi wọ́n ìta rẹ̀, sẹ́ǹtì 15. Òróró ìlàjì kọ́ọ̀pù, sẹ́ǹtì 60. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 6 àti sẹ́ǹtì 90, patty mẹ́jọ ló sì jáde, ẹyọ kan ò tó sẹ́ǹtì 90.

Irinṣẹ́: páànù irin dúdú tó wúwo, íńṣì 10, sikéèlì kékeré ti ilé ìdáná, asẹ́, aṣọ ìnuwọ́ kan tó mọ́ tí kò nírun lára, síbí pẹlẹbẹ onírin tí etí rẹ̀ fẹ́lẹ́, tẹmómítà tí wọ́n máa ń ki bọ ẹran, àti wáyà tí wọ́n ń gbé kéèkì lé kó lè tutù. Tí ẹ ò bá ní tẹmómítà ẹ ṣì lè ṣe é, ṣùgbọ́n síbí onírin yẹn ẹ má fi onírọ́bà dípò rẹ̀, etí onírọ́bà nípọn, kì í wọ abẹ́ patty dáadáa, ṣe ló máa ń tì í síwájú títí á fi fọ́.

1. Ẹja tó wà nínú agolo náà

Pink salmon ni mo lò, agolo gíga tí wọ́n kọ gíráàmù 418 sí lára. Nínú àwọn salmon inú òkun Pàsífíìkì, òun ló kéré jù, òun náà ló sì pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ ò fi wọ́n. Sockeye, irú salmon míì, náà wà nínú agolo, ẹran ara rẹ̀ pupa ju ti pink lọ, ó tún lọ́ràá jù ú lọ, ṣùgbọ́n níbi tí mo ti ń rajà owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, mi ò sì rí ìdí tí mo fi máa fi ẹja olówó gọbọi kọ́ iṣẹ́.

Ọdún 1864 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di salmon sínú agolo létí odò Sacramento ní California, nígbà tó fi máa di 1878 wọ́n ti ń ṣe é ní Alaska, bí ẹja tó ń gbé apá ìwọ̀-oòrùn lọ́hùn-ún ṣe di ohun tí ìdílé tó wà ní Mississippi tàbí Alabama lè tọ́jú sínú kọ́bọ́ọ̀dù láìní fíríìjì nìyẹn. Ohun tó jẹ́ kí n mẹ́nu bà á ni pé ẹja agolo ni wọ́n tìtorí ẹ̀ dá oúnjẹ yìí sílẹ̀, ẹja agolo sì ti jinná kó tó dé ọwọ́ yín. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dí agolo pa tán ni wọ́n máa ń sè é nínú ooru tó le gan-an. Ẹja tútù tí ẹ bá gé wẹ́wẹ́ tí ẹ fi iyọ̀ pò, ara rẹ̀ á máa fà, á di ara rẹ̀ mú fúnra rẹ̀. Èyí tó ti jinná ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ohun tí ẹ bá pò mọ́ ọn nìkan ló máa dì í mú, tí omi bá sì wà láàárín wọn, kò sóhun tó máa di ohunkóhun mú.

Ooru yẹn náà ló sọ egungun rẹ̀ di rírọ̀. Ẹ ó rí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ róbótó róbótó nínú agolo, ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, á rún. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kó o dà nù, kálísíọ́ọ̀mù wà nínú ẹ̀, ẹ sì máa rún un mọ́ ẹja tán tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Awọ rẹ̀ ni mo máa ń yọ, pàápàá èyí tó bá tóbi, torí ó ń yọ̀, ibi tí awọ bá sì wà nínú patty ibẹ̀ ni patty ti máa ń là.

2. Ọ̀nà tó wà lẹ́yìn páálí

Mo kọ́kọ́ ṣe é bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sẹ́yìn páálí saltine: ẹ ṣí agolo, ẹ fi ìdérí tẹ ẹja, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ pò ó mọ́ ẹyin kan, saltine 10 àti àlùbọ́sà tí ẹ gé, ẹ dín in. Mo gbé e lé iná tó pọ̀ nínú páànù tí kì í lẹ̀, mo mọ ọ́n tán mo jù ú sínú òróró lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé òróró bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàràpàrà, ó ń ta sí mi lọ́wọ́, omi ń rọ́ jáde létí patty, ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n kíákíá torí iná pọ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣì rọ̀, bí mo ṣe gbé e sókè báyìí ìdajì tẹ̀lé síbí, ìdajì jókòó sínú páànù. Títa tó ń ta yẹn ló yẹ kí ẹ fi etí sí. Òróró tó gbóná kì í ta láìnídìí, omi ló ń mú un ta. Tí ẹ bá ń gbọ́ ariwo púpọ̀ tí ẹ sì ń rí èéfín funfun, omi ẹja ni ẹ ń sè, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dín nǹkankan.

3. Ẹyin méjì, fúláwà, òróró jíjìn

Lẹ́yìn ìyẹn mo gba ìmọ̀ràn àwọn èèyàn. Ẹyin di méjì, mo da síbí ìjẹun mẹ́ta fúláwà sí i. Kò fọ́ mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin tó pọ̀ jù ń sun jáde létí rẹ̀, ó ń dín lọ́tọ̀ bí ẹyin díndín, inú patty wá le, ó ń fà nínú ẹnu, fúláwà tí kò jinná dáadáa sì ń ta lẹ́nu. Ẹja ọ̀hún ni a torí ẹ̀ ra agolo, adùn rẹ̀ ò wá hàn mọ́.

Mo tún gbìyànjú òróró jíjìn, torí ẹni tó bá ti mọ àkàrà dín, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn nìyẹn, kí òróró bo gbogbo ẹ̀ kó má baà sí pé à ń yí nǹkan padà. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Patty ń fò lórí òróró, ó ń gbá ara wọn, etí wọn ń ṣí, wẹ́wẹ́ tó ń já bọ́ lára wọn ń jóná nísàlẹ̀, òróró bàjẹ́ kí ìpele kejì tó wọlé. Ohun tó jẹ́ pé ó ti jinná tẹ́lẹ̀ tó sì rọ̀ báyìí, ó fẹ́ jókòó sórí nǹkan. Ìsàlẹ̀ páànù ló ń gbé e ró títí èèpo rẹ̀ á fi le.

4. Ìwọ̀n omi

Níbí ni iṣẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbé abọ́ lé sikéèlì, mo ṣí agolo tuntun, mo dà á sínú asẹ́ mo sì fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi tó ro sínú abọ́ jẹ́ gíráàmù 70. Tí ẹ bá fi ìdérí agolo tẹ̀ ẹ́ nìkan, ìwọ̀n tí ẹ máa rí jáde nìyẹn tàbí kó dín, àwọn èèyàn sì rò pé ó tán.

Kò tán rárá. Mo da ẹja yẹn sórí aṣọ ìnuwọ́, mo yọ awọ kúrò, mo rún egungun, mo ká etí aṣọ jọ, mo wá lọ́ ọ, mo ń fún un bí ìgbà tí wọ́n bá ń fún ẹ̀gẹ́ kí wọ́n tó yan gaari. Gíráàmù 35 míì tún jáde! Ìyẹn ju síbí ìjẹun méjì lọ, gbogbo ẹ̀ ló máa ń wà nínú patty mi tẹ́lẹ̀. Ohun tó kù nínú aṣọ jẹ́ bíi gíráàmù 310, ó gbẹ, ó ń tú lọ́wọ́ ní fọ́nrán fọ́nrán.

Ẹ má fún un débi tó máa di ìyẹ̀fun o. Ẹ fún un títí omi á fi máa kán tóótòòtó dípò kó máa ṣàn, kí ẹ dúró níbẹ̀. Mo fún ọ̀kan ju bó ṣe yẹ lọ, patty rẹ̀ ò fọ́ ṣùgbọ́n ó gbẹ lọ́nà ọ̀fun, ó fẹ́ omi mímu.

Omi ẹja yẹn kì í ṣe ohun ìdànù. Mo máa ń dà á sínú ọbẹ̀ ata tàbí kí n fi se ìrẹsì, iyọ̀ ti wà nínú ẹ̀ nítorí náà ẹ dín iyọ̀ ìrẹsì kù.

5. Kí la máa fi dì í: saltine, búrẹ́dì, gaari

Mo pín ẹja tí mo ti fún sí mẹ́ta, gíráàmù 100 gíráàmù 100, mo lu ẹyin kan mo pín in sí mẹ́ta pẹ̀lú, mo wá fi nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gíráàmù 20 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iná kan náà, páànù kan náà, mo dín wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó lè dọ́gba.

Èyí tó ní inú búrẹ́dì tútù tí mo fi ọwọ́ rún rọ̀ lẹ́nu jùlọ, ó dùn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ là díẹ̀ nígbà tí mo yí i. Èyí tó ní gaari Ìjẹ̀bú, àh, ìyẹn ò lè fọ́ láéláé, ẹ lè jù ú láti ọwọ́ kan sí ìkejì. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá gaari ti fa gbogbo ọ̀rinrin tó kù, ó ti wú. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó wúwo, ó kan lẹ́nu, kíkan rẹ̀ wá lé lórí ti lẹ́mọ́ọ̀nù. Tí ẹ bá fẹ́ràn gaari kíkan ẹ fi ìdajì gaari àti ìdajì saltine ṣe é, mo rò pé ó máa bá yín lára mu, kí ẹ sì yọ lẹ́mọ́ọ̀nù kúrò. Saltine wà láàárín àwọn méjèèjì, ó dì í mú, kò wúwo, adùn ẹja hàn. Òun ni mo mú.

Rírún rẹ̀ ṣe pàtàkì. Ẹ kó 20 sínú ọ̀rá, ìyẹn jẹ́ bíi gíráàmù 60, ẹ fi ìgò yí i lórí títí ìdajì á fi di lẹ́búlẹ́bú tí ìdajì á ṣì wà ní wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà tí wọ́n là. Lẹ́búlẹ́bú ló ń fa omi, wẹ́wẹ́ ló ń jẹ́ kí inú rẹ̀ má dì pọ̀ jù.

6. Àlùbọ́sà náà ń mú omi wá

Lẹ́yìn tí mo ti fún ẹja tán, ọ̀kan ṣì ń là láàárín. Mo ya á sí méjì mo sì rí i pé ibi tí àlùbọ́sà ńlá wà ló ti là. Àlùbọ́sà tútù tó bá ti kan iyọ̀, omi á jáde lára rẹ̀, tí ẹ bá sì gé e tóbi, ṣe ló máa dúró bí ògiri láàárín ẹja. Báyìí, mo máa ń gé àlùbọ́sà gíráàmù 50, tàtàṣé gíráàmù 30 àti ata rodo kan kéékèèké, mo máa yí wọn lórí iná nínú síbí tíì kan òróró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin títí wọn ò fi ní máa ta mọ́, mo máa tẹ́ wọn sórí àwo kí wọ́n tutù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tutù ní tòótọ́, ata gbígbóná á se ẹyin yín nínú abọ́.

Lẹ́mọ́ọ̀nù náà, èèpo rẹ̀ nìkan ni mo máa ń rin sínú rẹ̀, omi rẹ̀ dúró di ìgbà tí a bá ń jẹun. Mi ò fi iyọ̀ kankan sí i. Iyọ̀ wà nínú agolo, iyọ̀ wà lára saltine, ẹ tọ́ ọ wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti dín ẹyọ kan kí ẹ tó rò ó pé ó kù.

7. Pípò, mímọ, fíríìjì

Bí mo ṣe ń tò ó nìyí. Mo máa kọ́kọ́ lu ẹyin nínú abọ́ pẹ̀lú síbí tíì kan mọ́sítáàdì, ìlàjì síbí tíì bláàkì pẹ́pà, èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù, àti àlùbọ́sà eléwé tó bá wà nílé. Ata tó ti tutù wọlé tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà saltine, mo máa fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí saltine mu ẹyin. Ẹja ló máa kẹ́yìn, fọ́ọ̀kì ni mo fi ń dà á pọ̀, jẹ́jẹ́, mi ò fẹ́ kó di ẹ̀kọ. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni mo ń dà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, saltine á lọ mu omi ẹja, ẹyin á wá dá dúró sísàlẹ̀ abọ́, mẹ́ta àkọ́kọ́ á gbẹ, méjì tó kẹ́yìn á máa ṣàn.

Gíráàmù 60 ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí sikéèlì. Mo máa ṣù ú róbótó, mo máa fi àtẹ́lẹwọ́ fún un pọ̀ kó dì, lẹ́yìn náà ni mo máa tẹ̀ ẹ́ di pẹlẹbẹ, fífẹ̀ rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 7, nínípọn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀. Tó bá fẹ́lẹ́ jù ú lọ á ṣẹ́, tó bá nípọn jù ú lọ ìta á ti dúdú kí àárín tó gbóná. Etí rẹ̀ tó bá là, ẹ fi ìka tó lómi díẹ̀ dí i níbẹ̀, torí ibi tó ti là lọ́wọ́ yín ibẹ̀ náà ló máa ti fọ́ nínú páànù.

Ó wá ku fíríìjì. Mo tò wọ́n sórí tírèé, mo gbé wọn síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìbò wọ́n. Mo ti dín èyí tó wọ fíríìjì àti èyí tí kò wọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láti inú abọ́ kan náà, èyí tí kò wọ fíríìjì ò fọ́ yángá o, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ nígbà tí mo gbé e, etí rẹ̀ sì já díẹ̀. Èyí tó wọ̀ ọ́ dúró gbọn-in. Tí àyè bá há yín, ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú fírísà á ṣe é.

Tí ẹ bá fẹ́ kí èèpo rẹ̀ máa rún wómúwómú, ẹ tẹ́ ìyẹ̀fun àgbàdo síbí ìjẹun mẹ́ta sínú àwo, ẹ gbé patty lé e lójú méjèèjì, ẹ gbọn èyí tó pọ̀ jù dà nù. Kó tó wọ òróró gan-an ni kí ẹ ṣe èyí. Tí ẹ bá ṣe é kó tó wọ fíríìjì, ìyẹ̀fun á fa ọ̀rinrin, á lẹ̀ pọ̀.

8. Dídín

Ìlàjì kọ́ọ̀pù òróró nínú páànù íńṣì 10, jíjìn rẹ̀ á jẹ́ bíi mílímítà mẹ́ta. Iná tó wà láàárín, kò pọ̀ kò kéré. Ẹ jẹ́ kí páànù irin yẹn gbóná fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí òróró tó wọlé, irin wúwo kì í tètè gbóná ṣùgbọ́n tó bá ti gbóná, ẹja tútù ò lè tètè pa ooru rẹ̀, ohun tí mo fi pa páànù tí kì í lẹ̀ tì nìyẹn. Mo fẹ́ kí òróró wà ní dígírì 350 ní Fahrenheit, ìyẹn bíi 175 ní Celsius. Ẹni tí kò ní tẹmómítà kó ju ẹyọ saltine kékeré kan sí i, tó bá hó yí i ká lójú ẹsẹ̀ tí kò sì dúdú láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ó ti tó.

Mẹ́rin péré lẹ́ẹ̀kan. Páànù á gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má dá a lóhùn. Tí mẹ́fà bá wọlé pọ̀, òróró á tutù, ẹ ò sì ní rí àyè ki síbí bọ abẹ́ èyíkéyìí láìfọ́ aládùúgbò rẹ̀.

Nígbà tó bá ti wọlé, ẹ fọwọ́ kúrò. Ibi tó le jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn fún mi, ọwọ́ mi ò máa ń gbélẹ̀, mo máa ń fẹ́ gbé e wò. Ìyá kan tí wọ́n bí ní Louisiana ń gbé ládùúgbò wa, Mama ni mo ń pè wọ́n, àwọn ló wá dúró tì mí lẹ́bàá sítóòfù tí wọ́n gba síbí lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí màá fi rí i tí etí rẹ̀ pọ́n yí po, tí pípọ́n yẹn sì gun òkè díẹ̀ lára rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Tí èèpo ò bá tíì le, ó lẹ̀ mọ́ irin, tó bá ti le á tú ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹ mi páànù díẹ̀ á rìn nínú òróró fúnra rẹ̀. Tèmi gba ìṣẹ́jú mẹ́rin lójú àkọ́kọ́, mẹ́ta lójú kejì.

Yíyí rẹ̀: síbí onírin wọ abẹ́ rẹ̀ pátápátá lẹ́ẹ̀kan, fọ́ọ̀kì di ẹ̀yìn rẹ̀ mú lókè, ẹ dojú rẹ̀ dé síwájú, kúrò lápá ọ̀dọ̀ yín, kí òróró má ta sí yín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ yí i. Ẹ má sì fi síbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò sóhun tí ìyẹn ń ṣe ju pé ó ń la gbogbo ohun tí fíríìjì ti dì.

Láàárín ìpele àkọ́kọ́ àti ìkejì mo máa ń fi asẹ́ kó wẹ́wẹ́ tó jábọ́ kúrò, mo sì máa ń dúró kí òróró tún gbóná. Iná mi máa ń lọ sókè díẹ̀ lásìkò yẹn.

9. Ṣé ó ti jinná?

Ẹja ti jinná láti inú agolo, ẹyin ni ẹ ń wò. Ẹ ki tẹmómítà bọ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ dé àárín, dígírì 160 ní Fahrenheit ni kó kà, ìyẹn 71 ní Celsius, iye tí wọ́n là kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún oúnjẹ tí wọ́n fi ẹyin pò nìyẹn. Tí ìta bá ti pọ́n tí àárín ò tíì dé ibẹ̀, ẹ má fi iná kún un, ẹ gbé e sínú óófùnù dígírì 350 ní Fahrenheit fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Orí wáyà kéèkì ni mo ń kó wọn lé. Mo máa ń lo tíṣù tẹ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń rọ̀ torí ooru tó ń jáde lábẹ́ rẹ̀ ò ríbi gbà, òógùn á mú un. Lórí wáyà, lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú ó ṣì ń dún lábẹ́ eyín.

10. Bó ṣe rí báyìí

Mẹ́jọ wọlé, mẹ́jọ jáde. Ìta pọ́n, ó le, inú rẹ̀ rọ̀ láìní omi, ẹ rí fọ́nrán ẹja nínú rẹ̀ tí ẹ bá ya á, ata rodo ń ta díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn. Mo ti ṣe é léraléra báyìí lọ́nà kan náà, kò tú ká, mi ò sì fi ẹyin kún un. Mama tọ́ ọ wò, wọ́n ní ata ti pọ̀ jù fún àwọn, ṣùgbọ́n wọ́n kó méjì lọ sílé.

Nílé wa ọ̀gì gbígbóná la fi ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, ní ọ̀sán a máa ń fi ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata díndín jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ ń fi sáàárín búrẹ́dì pẹ̀lú màyọ̀nésì tí mo fún lẹ́mọ́ọ̀nù sí.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì, ẹ má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Máíkírówéfù máa ń sọ èèpo rẹ̀ di rírọ̀, páànù gbígbẹ lórí iná kékeré ni kí ẹ fi gbé e gbóná. Ẹ tún lè mọ ọ́n tán kí ẹ tò ó sínú fírísà láìtíì dín in, kí pépà wà láàárín wọn, tí ẹ bá fẹ́ dín in kí ẹ kó o sínú fíríìjì láti alẹ́ kó lè yọ́.

Fún àwọn tó wà nílé ní Nàìjíríà tí salmon agolo wọ́n tàbí tí kò sí lọ́jà yín: ẹ má lo sadíìnì inú òróró tàbí ẹja inú tòmátò, òróró àti tòmátò yẹn ò ṣeé fún tán. Ẹja Titus tutù ni kí ẹ rà, èyí tó máa tó gíráàmù 310 lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ orí àti egungun rẹ̀ tí ẹ sì ti fún un, ẹ fi ooru sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú àlùbọ́sà àti iyọ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ yọ egungun rẹ̀ pátápátá nítorí tirẹ̀ ò rọ̀ bíi ti inú agolo, ó lè há ọmọdé lọ́fun. Lẹ́yìn náà ẹ fún un nínú aṣọ. Titus lọ́ràá ju pink salmon lọ, òróró díẹ̀ á bá omi jáde, ìyẹn dáa. Tí saltine bá wọ́n, bísíkítì oníyọ̀ èyíkéyìí tí kò ní ṣúgà á ṣe é, kí ẹ ṣáà wọn gíráàmù 60 sí gíráàmù 310 ẹja tí ẹ ti fún, ẹyin kan. Òróró mílímítà mẹ́ta, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fọwọ́ kúrò lára rẹ̀ títí etí rẹ̀ á fi pọ́n.